Ọgbọ̀n Nínú Ọgbọ̀n

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ọ̀gá ilé-ìwé pín tábílẹ́ẹ̀tì fún kíláàsì kẹrin, ó sì ní kí Tíṣà kọ àfojúsùn rẹ̀ sílẹ̀, ohun tó fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe kí sáà tó parí. Ọ̀gá kò fi bọpo bọyọ̀. Tíṣà tí kò bá lé tirẹ̀ bá, kíláàsì yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí fáìlì ni yóò máa jókòó sí.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Tíṣà ti fi kọ́ni, kò sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ mìíràn láyé. Àfojúsùn kan ṣoṣo ló kọ: ọgbọ̀n ọmọ, ọgbọ̀n iṣẹ́, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá.

"Lójoojúmọ́ kẹ̀?" Tíṣà kíláàsì kẹta bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ mọ àwọn ọmọ yín ṣá?"

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni àìsàn dá Oníbéèrè gúnlẹ̀. Wọ́n sọ ọmọbìnrin náà bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lókè: Tíṣà, kí ló dé? Tíṣà, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Òdìkejì ìlú ni ilé wọn wà, kò sí ọmọ kíláàsì kankan ládùúgbò náà. Nígbà tí ìyá rẹ̀, aránṣọ tó ń dá tọ́ ọ, wá sọ fún wọn, àyà Tíṣà já. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kì í ṣe ọgbọ̀n.

Ó gbé tábílẹ́ẹ̀tì kan fún obìnrin náà. "Kó máa ṣe é lórí ibùsùn, kó sì máa fi ránṣẹ́."

"Tíṣà, èmi ò kọjá ìwé mẹ́ta o. Mi ò ní lè ràn án lọ́wọ́."

"Ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ẹ sáà jẹ́ kí iṣẹ́ máa dé."

Ìyá náà dúpẹ́, ó fi aṣọ wé ẹ̀rọ náà bí ẹni wé ọmọ tuntun.

Iṣẹ́ ń dé lóòótọ́, ìbéèrè sì ń tẹ̀lé e. Àfi ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí oòrùn fẹ́ wọ̀ tí ti Oníbéèrè kò tíì dé. Tíṣà kọ̀wé sí i: "Ọmọ mi, ìwọ nìkan ló kù. Má dójú tì mí." Lálẹ́ ọjọ́ náà, iṣẹ́ dé. Ìṣirò mẹ́wàá, mẹ́jọ ni kò gbà. Tíṣà ní àìsàn ló fà á.

Láti ìgbà náà, ìdájí ni iṣẹ́ ń dé, ìbéèrè kò sì bá a wá mọ́. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ń dín kù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kò sí ìṣirò pínpín tí kò gbà.

"O káre, ọmọ mi," Tíṣà a kọ ọ́ ránṣẹ́. "Ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Tíṣà."

"Ṣé ẹ ti lọ wo ọmọ yẹn?" Tíṣà kíláàsì kẹta bi í lọ́jọ́ kan.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i." Ó ṣí ẹ̀rọ hàn án: orúkọ ọgbọ̀n, àmì aláwọ̀ ewé ọgbọ̀n.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà o," ni ìyẹn wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Tíṣà rò pé ìlara ni.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ kejìlá pé, ọ̀gá ka àfojúsùn náà sétí gbogbo olùkọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kíláàsì ṣì jẹ́ tirẹ̀. Inú Tíṣà dùn débi pé ó sunkún. Ó kọ orúkọ Oníbéèrè sínú ìwé ẹ̀yẹ, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.

Ìyá náà wà nídìí máṣíìnì, tábílẹ́ẹ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìṣirò tí etí rẹ̀ ti ká.

"Akíkanjú wa dà?" Tíṣà ń rẹ́rìn-ín. "Mo wá gba tábílẹ́ẹ̀tì, mo sì mú ẹ̀bùn rẹ̀ wá."

Ìyá náà dá máṣíìnì dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀rọ náà mọ́ àyà.

"Tíṣà, ọjọ́ tí ẹ ní kó má dójú tì yín la sin ín," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń béèrè pé ara rẹ̀ ńkọ́."