Nọ́mbà Mẹ́jọ Ń Jáde

Wọ́n ti gbé bọ́ọ̀dù sókè. Nọ́mbà mẹ́jọ ló ń tàn lójú rẹ̀.

Èmi ni nọ́mbà mẹ́jọ.

Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí àṣekágbá yìí parí. Ọ̀mì ṣì ni, kóòṣì sì ní kí n máa bọ̀ níta!

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń gbá ipò àárín fún ẹgbẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó yọ mí rí nínú àṣekágbá.

Ẹnì kan ti tú àṣírí mi.

Láàárọ̀ yìí, mo ti ìlẹ̀kùn bálùwẹ̀ kí n tó gún ara mi lábẹ́rẹ́, kí n má baà mọ ìrora orúnkún mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló ká mi mọ́ ibẹ̀ nígbà tí mo ń jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Òun náà ló dúró létí ìlà yìí tó fẹ́ wọlé rọ́pò mi. Ọmọ ọdún méjìdínlógún!

"Ìwọ lo lọ sọ fún kóòṣì?"

"Èmi ni, Kápítẹ́nì."

Kò tilẹ̀ sẹ́.

"Ipò mi lo ń wá, àbí?"

"Dókítà ní bí orúnkún yẹn bá tún yẹ̀, ẹ ò ní lè rìn dáadáa mọ́."

Ó na ọwọ́ kí n bọ òun lọ́wọ́, bí ẹni tó ń jáde ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó ń wọlé. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

Mo dúró.

Mo ti kìlọ̀ fún ọmọ yìí pé kò gbọ́dọ̀ pè mí bẹ́ẹ̀ lórí pápá.

Mo padà, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Wọlé lọ. Jẹ́ ká délé ná."