Ọmọ Àbùùbùtán Tí Kò Dàgbà

Àbùùbùtán ni wọ́n ń pe ẹranko ńlá inú òkun yẹn, àmọ́ aráyé ti bù ú débi pé ó ku díẹ̀ kó tán. Nínú òkun tó wà níwájú ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣọ́ ọ kó má bàa tán, agbo kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, ọmọ ọmú kan ṣoṣo ló sì wà nínú agbo náà.

Iṣẹ́ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Oníwọ̀n ni láti mọ bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà sí. Ta ló fẹ́ na tépù sára ohun tó ń lúwẹ̀ẹ́? Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò ni wọ́n fi ń ya àwòrán rẹ̀ látòkè, nígbà tó bá sún mọ́ ọkọ̀ ojú omi wọn. Bí ẹranko náà bá tó ìdajì ọkọ̀ nínú àwòrán, ìdajì gígùn ọkọ̀ ló gùn nìyẹn. Àǹtí mọ gígùn ọkọ̀ náà sórí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ni ín, òun náà ló ń wà á, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò sì kàn án.

Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ni. Ọmọ tó bí kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Omi ọmú rẹ̀ kò tó, ọmọ ń rù, òun ń sọ pé á dáa, títí ọmọ fi dákẹ́. Àwọn ará ọ́fíìsì á kí i kú àmúmọ́ra, wọ́n á sì yára bá tiwọn lọ.

"Àǹtí mi, ẹ wá jókòó lẹ́yìn níbí," ni àbúrò rẹ̀ wí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ jáde. "Àyè wà dáadáa."

Ó jókòó, kò wo ibì kankan àfi omi.

Nígbà tó wọn àwòrán ọjọ́ náà, ó gbé e lọ bá ọ̀gá wọn. Ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tiẹ̀ jọ pé ìyá náà kúrú sí i.

"Ìyẹn á jẹ́ pé ìyá tẹ ẹ̀yìn nígbà tá a yà á ni," ni ọ̀gá wọn wí. "Àmọ́ ọmọ yẹn ńkọ́?"

Àǹtí ṣàlàyé fún un. Abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú gbọ́dọ̀ jẹun ju èyí tí kò bímọ lọ fíìfíì, ẹja sì ti wọ́n nínú òkun. Nínú omi tútù, ooru ara ni oúnjẹ ọmọ kọ́kọ́ ń bá lọ, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló máa fi dàgbà.

"Kò sóhun tó ń ṣẹ́ kù fún un, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká mú un, ká máa fún un ní mílíìkì fúnra wa."

"Tá a bá ní sùúrù díẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi ní sùúrù lẹ́ẹ̀kan," ni Àǹtí wí, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ mú un.

Wọ́n mú ọmọ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òkun dákẹ́. Ó jà fitafita. Bí kireni ṣe ń gbé e sókè ni okùn ń ké, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dì í mú sì ń ráhùn.

"Ṣé ẹni tí ebi ń pa ló wúwo báyìí? Tó bá wá yó ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín.

Nínú ọgbà tí wọ́n fi àwọ̀n ṣe létí òkun, ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀, kò mu mílíìkì. Wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó tu ú dànù. Àǹtí wọ inú omi lọ bá a, ó di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà.

"Mu ún, jọ̀ọ́, ọmọ mi. Díẹ̀ péré."

Lẹ́yìn àwọ̀n, ìyá rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, kò tẹ̀ lé agbo lọ wá oúnjẹ mọ́. Ohùn rẹ̀ ń wọ inú ọ́fíìsì débi pé wọ́n ti fèrèsé. Ọjọ́ tí wọ́n pinnu pé àwọn á dá ọmọ padà fún un ni ọmọ náà kú.

Wọ́n wọ́ ọ sórí iyanrìn. Àǹtí na tépù sí i lára, nítorí iṣẹ́ niṣẹ́. Ó gùn ju èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà lọ dáadáa. Ó gùn tó ọmọ tó ń jẹun yó lójoojúmọ́. Ó tún un wọ̀n, bákan náà ni. Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó bi í bóyá nǹkan kan ti ṣe ọkọ̀.

"Kò sóhun tó ṣe é o, Àǹtí mi, mo kàn fi kún ìdí rẹ̀ kó lè gùn sí i nígbà tẹ́ ẹ wà nílé, mo sì ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dà yín láàmú nínú ọ̀fọ̀."