Ajá Tó Ń Jókòó Létí Adágún

Roberta Kendi ló kọ́kọ́ dé gbọ̀ngàn ìlú lọ́sàn-án Sátidé náà. Ó gbé àga síwájú pátápátá, ó so Zhoh, ajá rẹ̀, mọ́ ẹsẹ̀ àga náà, ó sì bọ́ fìlà. Wọn kì í jẹ́ kí ajá wọ gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́. Ìkookò ni baba Zhoh, ajá ilé ni ìyá rẹ̀, òun gan-an sì ni ajá inú fíìmù tí gbogbo abúlé wá wò.

Ọmọkùnrin kan àti ajá rẹ̀ ló sọnù sínú aginjù yìnyín nínú fíìmù náà. Àwọn ará gúúsù ló wá yà á níbí lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì mú ọmọ tiwọn wá, ọmọ tó rẹwà lójú. Níbi tí iṣẹ́ bá ti le, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ni a ó rí, Wilbert ọmọ Roberta, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló ń wọ aṣọ kan náà tó ń bá ajá rìn.

Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni Wilbert ti sọnù. Ọ̀gá àwọn tó ń ya fíìmù sọ pé atẹ́gùn le lọ́jọ́ náà, àwọn ò tan kámẹ́rà rárá. Ó ní ajá já okùn, ó gba ọ̀nà òkè lọ, ọmọ náà sì sá tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni abúlé fi wá gbogbo òkè yẹn. Ẹ̀wù pupa ni wọ́n ní kí wọ́n máa wò, àti ìbọ̀wọ́. Roberta ló rán ìbọ̀wọ́ àwọn ọmọ méjèèjì fún fíìmù náà, pẹ̀lú òdòdó onílẹ̀kẹ̀ pupa, ewé mẹ́fà, tí obìnrin mìíràn kì í rán lábúlé. Zhoh ló jẹ ti ọwọ́ òsì Wilbert ya. Roberta rán òmíràn, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tán, ló bá fi búlúù parí ewé kan. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ náà sọnù gan-an ló rán an tán, tó já òwú rẹ̀.

"Màmá, òtútù ti mú ewé yín kan," ni Wilbert wí, ó wọ̀ ọ́, ó sì jáde.

Wọn ò rí ẹ̀wù, wọn ò rí ìbọ̀wọ́. Ajá nìkan ló padà wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, yìnyín dì gbagidi mọ́ irun àyà rẹ̀. Wọ́n fi okùn fà á pé kó mú àwọn dé òkè, ó kọ̀. Ẹ̀bá adágún ló lọ jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe láràárọ̀ títí di òní.

"Ó ti di gbajúmọ̀," ni Stanley, ẹ̀gbọ́n Roberta, wí nígbà náà. "Kì í bá àwa mẹ̀kúnnù ṣiṣẹ́ mọ́." Ẹ̀rù ló ń bà á tó fi ń ṣàwàdà.

Bí èèyàn bá kú níbí, àwọn ará ilé rẹ̀ a ju oúnjẹ tó fẹ́ràn sínú iná, kó lè jẹun kó sì máa lọ. Roberta kò gbà. Ó ní òun ò lè bọ́ ẹni tí òun ò mọ ibi tó sùn sí. Nígbà tó gbọ́ pé fíìmù ń bọ̀ ló rọ̀ díẹ̀: kí òun kàn rí ẹ̀yìn ọmọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n wá dá iná wọn.

Ìyá àgbà Effie wọ gbọ̀ngàn wá, ó jókòó tì í.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá."

"Irọ́ lo ń pa. Gbà." Ó ki ẹran àgbọ̀nrín gbígbẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Stanley ti to igi sẹ́yìnkùlé. Mo ti dín búrẹ́dì tí Wilbert fẹ́ràn. Báwo lo ṣe fẹ́ dá a mọ̀, tí aṣọ wọn jọra?"

"Ìrìn rẹ̀. Ó máa ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún."

Wọ́n pa iná, fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ará gúúsù náà sọkún, ó dá iná, ó jẹ ẹja tútù tòun ti ojú fífún pọ̀, gbọ̀ngàn sì rẹ́rìn-ín.

"Igi tútù ló fi ń dáná," ni Effie wí. "Ta ló bí eléyìí?"

Lẹ́yìn náà ẹnì kan rìn gba àárín igi kọjá, ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọkàn Roberta bà jẹ́, inú rẹ̀ sì dùn, lẹ́ẹ̀kan náà. Effie di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, ọmọ náà kẹ́yìn sí wa, ó ń sọdá adágún tó dì. Omi dídì náà là. Ó rì, ọwọ́ rẹ̀ kan ló kù lókè, lẹ́yìn náà ọwọ́ náà pàápàá rì. Nínú gbọ̀ngàn, Zhoh dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké tìrora-tìrora. Nínú fíìmù, ajá sáré dé ojú ihò náà, ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó fi eyín mú ọwọ́ ẹ̀wù, ó fà, ó sì fa ọmọ tó rẹwà náà jáde tòun ti omijé.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Stanley ń nu ojú.

"Dá a padà sẹ́yìn," ni Roberta wí fún ẹni tó ń fi fíìmù hàn.

"Àǹtí, ó ku díẹ̀ kó tán."

"Mo ní kó o dá a padà."

Ó dá a padà. Roberta dìde, ó rìn lọ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lójú rẹ̀, ajá ń fa àga tẹ̀ lé e.

Ìbọ̀wọ́ òsì tó rì sínú adágún kẹ́yìn ní ewé búlúù kan láàárín pupa márùn-ún, èyí tó wà lọ́wọ́ òsì ọmọ tí ajá fà jáde sì jẹ́ pupa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.