Ìwé Pupa, Ìwé Funfun

Ephraim Gault fẹ́ràn agbára ju ènìyàn lọ, ìyẹn ló sì bà á jẹ́. Òun ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ìlú Wexcombe, ní Massachusetts. Nígbà náà, ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ ìwé ìdìbò tirẹ̀. Ti ẹgbẹ́ Ephraim pupa, ti ẹgbẹ́ kejì funfun. Lọ́jọ́ ìbò ààrẹ, Ephraim a dúró ti àpótí, a máa wo ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí àṣá tí ń wo òròmọdìẹ.

Lọ́dún kan, Lemuel Pike, àbúrò ìyàwó rẹ̀, mú ìwé funfun wá.

"Lemuel, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Pupa là ń dì níbí."

"Ẹ̀gbọ́n, ojú mi dá ṣáká. Ẹni tó ní òun máa dín wákàtí iṣẹ́ wa kù ni mo fẹ́."

"Ó dáa. Lọ sọ fún un kó wá gbà ọ́ síṣẹ́."

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹ̀rù ni. Ọ̀pọ̀ wọn rọra ki ìwé funfun bọ àpò, wọ́n mú pupa jáde.

Ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Lemuel. Ilé-iṣẹ́ ló ni ilé tó ń gbé, wọ́n sì lé e kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú, nígbà tí yìnyín ti ń bọ́.

Thirza, ìyàwó Ephraim, bẹ̀bẹ̀ títí. "Ọmọ ìyá mi ni, ẹ jọ̀ọ́! Torí ààrẹ tí kò mọ̀ wá rí lẹ fi ń lé e sínú òtútù?"

"Kí àwọn tó kù lè kọ́gbọ́n ni."

Lemuel wáṣẹ́ lọ sínú igbó àwọn agégẹdú ní àríwá. Kí yìnyín tó yọ́, igi wó pa á. Inú pósí ló wà nígbà tó padà sí Wexcombe.

Kí ìbò ààrẹ mìíràn tó dé, òfin yí padà. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló wá ń tẹ ìwé kan náà fún gbogbo ènìyàn, olúkúlùkù a sì wọ yàrá kékeré, a fa aṣọ bo ẹnu ọ̀nà, a dá sàmì síbi tó wù ú. Lọ́jọ́ ìbò ààrẹ náà gan-an, Ephraim ń du ipò olórí ìgbìmọ̀ ìlú.

"Ọ̀gá, tiyín ni! Ta ló tún kù?" ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wí fún un.

"Ẹ yáa lọ rán kóòtù tuntun!" ni òmíràn fi kún un.

Ẹyẹ kò ní sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ephraim dúró ti àpótí bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ìwé tí a ká pọ̀ nìkan ló rí.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ẹyọ kan ló jẹ́ tirẹ̀. Ó mọ ẹni tó dì í: òun fúnra rẹ̀ ni.

Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ránṣẹ́ pè é. "Gault, ọ̀gá tí gbogbo òṣìṣẹ́ kórìíra tó báyìí, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Kó ẹrù rẹ kúrò nínú ilé mi." Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Nílé, ó jókòó sáàárín ẹrù. "Thirza, ká ní wọ́n ń jẹ́ kí obìnrin dìbò ni, èmi lo máa dìbò fún, àbí?"

Thirza wọ kóòtù àtijọ́ tí Lemuel fi sílẹ̀, ó dè é títí dé ọrùn. "Ẹ má bi mí," ló wí, ó sì ṣíwájú rẹ̀ jáde sínú yìnyín.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ìbò ọmọnìkejì wa kì í ṣe tiwa. Ààrẹ yóò lo ọdún mẹ́rin rẹ̀, yóò lọ, òmíràn yóò dé, ṣùgbọ́n ẹni tí a torí ààrẹ rán lọ sí sàréè kò ní bọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fi ẹ̀rù kó ènìyàn jọ, kó má pè wọ́n ní ọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá kúrò, yóò bá ara rẹ̀ níbẹ̀ lóun nìkan.