Ẹjọ́ Ẹ̀rín Onígbàjámọ̀

Oṣù mẹ́ta rèé tí Akọ̀wé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kóòtù. Oṣù méjì àkọ́kọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà. Dókítà ní kò sí àrùn lára rẹ̀, àmọ́ bí kò bá dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbàgbé ìrìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kọ̀.

Àfi ìgbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó o wá. Lónìí, onígbàjámọ̀ àti aránṣọ tí wọ́n jọ pín ògiri ló dé.

Ọmọ dúró dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ò ní jẹ́ kí bàbá mi sinmi? Lánàá alápatà, lónìí ẹ̀yin! Bó bá ṣubú, ọrùn yín ló wà o."

"Jẹ́ kí wọ́n wọlé," ni Akọ̀wé wí. Ó ti wọ ṣòkòtò. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ mọ òfin mi: ẹnì kan á sọ̀rọ̀, ẹnì kejì á tún un sọ bó ṣe gbọ́ ọ, kó tó fèsì."

Aránṣọ ló ṣáájú. "Bàbá, ẹ̀rín ọkùnrin yìí ń dún bí àwo tó ń fọ́. Ó rẹ́rìn-ín lánàá, ọwọ́ mi gbọ̀n, mo rán apá ẹ̀wù mọ́ ìdí ṣòkòtò oníṣòkòtò."

"Ó ní ẹ̀rín mi ló rán apá mọ́ ìdí," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Irọ́! Ọwọ́ mi ló rán an."

"Tún un sọ," ni Akọ̀wé wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un sọ kó tó bọ́ sí i. Òun náà wá ro tirẹ̀: orin aránṣọ ń mú kí àwọn oníbàárà òun máa mi orí, abẹ sì ń ṣìnà.

"Orin wo? Kọ ọ́ bó ṣe ń kọ ọ́," ni Akọ̀wé wí.

Onígbàjámọ̀ lahùn bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìta. Aránṣọ fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín!" Akọ̀wé dìde fùú. Ó rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó padà, ó tún lọ, ó ń ronú. "Kí onígbàjámọ̀ kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rẹ́rìn-ín. Kí aránṣọ jẹ́ kó fá ìpàkọ́ tán kó tó kọrin. Ẹjọ́ parí. Ọmọ mi, oúnjẹ dà?"

Ọmọ sin àwọn méjèèjì jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé kí bàbá rẹ̀ má baà gbọ́, ó yọ ìwé kékeré kan lápò, ó fi bírò fagi lé orúkọ wọn, ó sì rọra béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ẹ ṣeun gan-an o, ta ni kí n kọ pé ó ń bọ̀ wá jà ní Ọjọ́bọ̀?"