Aṣọ Oorun Ìyáàfin Tollefson

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí," ni Ìyáàfin Tollefson wí, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jà. "Mi ò gbàdúrà lọ́jọ́ kan rí kí wọ́n ti ilé ìwé torí yìnyín. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ kì í wá ìsinmi ọ̀fẹ́. Ṣé o ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́, mà," ni olùkọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ dáhùn. Ó ti gbọ́ ọ láàárọ̀ àná, ó tún gbọ́ ọ lọ́sàn-án. Ó yínmú sẹ́yìn ìyá náà.

Àwọn ọmọ kíláàsì kejì wọlé, gbogbo wọn fajú ro. Yìnyín tí rédíò ṣèlérí kò ju ìyẹ̀fun orí búrẹ́dì lọ.

"Gbogbo wa la wọ aṣọ oorun wa sódì lálẹ́ àná kí yìnyín lè pọ̀, kí wọ́n lè ti ilé ìwé," ni Annika, ọ̀kan nínú wọn, ráhùn. "A tún fi ṣíbí sábẹ́ ìrọ̀rí."

Ìyáàfin Tollefson fi wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọ̀lẹ lásánlàsàn. Wò wọ́n dáadáa," ó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ náà. "Bí o ò bá ṣọ́ra, bí wọ́n ṣe rí yìí ni wàá ṣe rí."

Ó nawọ́ sókè láti kọ déètì sójú pátákó. Súwẹ́tà rẹ̀ ká sókè. Aṣọ oorun olódòdó tí kò ráyè bọ́ yọ lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ojú rírán rẹ̀ wà níta.



Annika wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ ò fi ṣíbí sábẹ́ ìrọ̀rí, àbí?" ó ní. "Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́ fún gbogbo wa."