Ìwé Tí Lorna Yàn

Láti ìgbà tí igi ti ń wọ́wé ní ìlú Duluth ni Lorna ti ń bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá jọ máa kàwé, òjò dídì sì ti bo ojú ọ̀nà kí wọ́n tó rí ìrọ̀lẹ́ kan tí ọwọ́ gbogbo wọn dilẹ̀. Jolene jẹ́ nọ́ọ̀sì, kì í mọ ìgbà tí wọ́n máa pè é. Bridget ń ta ilé, àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í jẹ́ kó jẹun tán. Darcy ní tirẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ṣùgbọ́n òun nìkan ni kò yẹ àdéhùn rí. Wade ọkọ rẹ̀ ló ṣẹ́ ẹ lápá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé láti ìgbà náà, Wade sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wálé. Darcy ò tíì dá a lóhùn.

Lorna ló yan ìwé. Ìtàn obìnrin kan tó sá fún ọkọ tó ń lù ú ni, tó lọ fara pa mọ́ sínú ilé kan létí adágún, títí ọkọ fi wá a kàn. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà nìyẹn. Lorna rò pé yóò bá Darcy lára mu. Ó ṣòfin pé ẹni tí kò bá kà á tán ni yóò fọ gbogbo abọ́, wọn yóò sì ya fọ́tò rẹ̀ nídìí abọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ilé Lorna, ọ̀dùnkún tó fi wàràkàṣì bò ti jinná nínú ààrò. Lorna fa ìwé náà yọ látinú báàgì, ó gbé e lé itan. Ìwé náà ń dán lábẹ́ iná. Ó yọ̀ lórí itan rẹ̀, ó já bọ́, ó mú un padà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ta ni alágbàfọ̀ abọ́ wa lálẹ́ yìí? Ẹ tètè jẹ́wọ́ o."

"Èmi kọ́," ni Jolene wí. "Inú mọ́tò ni mo ti gbọ́ tèmi, wọ́n ń kà á sí mi létí. Ikú yá jẹ̀sín, ọ̀rẹ́ mi."

"Orí fóònù ni mo ti ka tèmi," ni Bridget wí.

Wọ́n yíjú sí Darcy.

"Ajá ẹ̀gbọ́n mi ló máa fọ abọ́," Darcy ní, "torí òun ló jẹ ìparí ìwé náà. Mo ti dé ibi tí ọkùnrin yẹn ti ń kan ilẹ̀kùn, tó mú òdòdó dání, tó ń sunkún. Ibẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni ajá já mi sí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Lorna, yá mi ní tìẹ, jọ̀ọ́."

Lorna fi ìwé há abíyá. "Mo ti kọ ìkọkúkọ sí i lára. Ojú á tì mí."

"Ó dáa, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ṣé ó ṣílẹ̀kùn fún un?"

Jolene sọ ọ̀dùnkún sẹ́nu. Bridget dìde, ó ní òun ń wá ohun tí wọ́n fi ń ṣí wáìnì, bẹ́ẹ̀ wáìnì ti wà ní ṣíṣí. Gbogbo ojú bọ́ sí Lorna lára, òun tó pè wọ́n jọ.

"Ó ṣí i," ni Lorna wí.

"Ẹn-ẹ́n? Kò wá lù ú mọ́?"

"Kò lù ú mọ́. Ọkùnrin yẹn ti yí padà. Àwọn méjèèjì ló jọ darúgbó sétí adágún yẹn."

"Mo sunkún bí ọmọdé," ni Jolene wí.

"Ta ni ò ní sunkún?" Bridget dá a lóhùn láti kíṣìnnì. "Láti ibi òdòdó yẹn ni mo ti mọ̀ pé ó ti yí padà."

Fóònù Darcy mì lórí tábìlì. Ó máa ń dojú rẹ̀ bolẹ̀ tó bá ti ń mì báyìí. Lọ́tẹ̀ yìí kò dojú rẹ̀ bolẹ̀.

"Wade náà ń mú òdòdó wá," ló sọ jẹ́jẹ́. "Mo rò pé orí mi ló ń dà rú ni. Lorna, ṣé ó dá ẹ lójú?"

 Lorna lè rẹ́rìn-ín, kó ní òun ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó wo Jolene, ó wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó rántí òfin tó fẹnu ara rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á," ló wí.

Darcy ló fọ abọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Nígbà tó ń lọ, ó ní kí Lorna bá òun di ọ̀dùnkún tó máa tó ẹni méjì jẹ.

Ìpàdé kejì ò bọ́ sí i. Bridget ní oníbàárà, Jolene wà lẹ́nu iṣẹ́, Darcy ò gbé fóònù. Ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tún rí ara wọn, lẹ́yìn tí wọ́n sin Darcy tán. Wọn ò ṣí pósí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wade wà ní àtìmọ́lé. Jolene fa Lorna lọ sídìí ibi tí wọ́n ń fi aṣọ òtútù kọ́ sí, omijé bò ó lójú.

"Mo parọ́ fún un. Orí kìíní ni mo gbọ́ mọ. Bridget ò tiẹ̀ rà á. Ẹnu ẹ la tẹ̀ lé. Àmọ́ ìwọ, o kà á, ohun tí o rí níbẹ̀ lo sọ. Má dára ẹ lẹ́bi."

"Mo kà á," ni Lorna wí.

Ó jáde lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, ó fa ìwé náà yọ látinú báàgì, ó fi eyín ya ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtàwé, ó sì ṣí i sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn, níbi tí obìnrin náà ti yọjú lójú fèrèsé, tó rí ọkùnrin náà tòun ti òdòdó àti omijé rẹ̀, tó sì tún fi kọ́kọ́rọ́ kejì ti ilẹ̀kùn náà pa.